Omi kànga ń pọ́n, ó ń rùn, ó sì ń ṣe ikùn: kí la lè fi owó kékeré ṣe sí i nínú ilé?

Ará Kaboua:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Kànga agboolé kan lọ́nà Kaboua, ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Èèyàn 9 ló ń mu ún. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí ẹnu rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kò ní ìdérí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ máa ń mọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó bá fi máa dalẹ́ á ti pọ́n, á sì máa rùn bí irin. Tí òjò bá wọlé dé, ó di omi ẹrẹ̀, àwọn ọmọdé á sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Igi ìdáná ti wọ́n ju ká máa se omi gbogbo ilé lójoojúmọ́ lọ. Ẹnì kan ní ká da Javel, omi klórínì inú ìgò, sí i, òmíràn ní álọ́ọ̀mù, òmíràn ní ká kó iyanrìn sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe, báwo la sì ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Alámù Àjàṣẹ́:

Gbogbo àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn ló rí ibì kan mú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìṣòro tó wà nínú irú kànga bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, oògùn wọn ò sì pa pọ̀. Ẹrẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ ń rí. Òun ń rọ̀ sílẹ̀, aṣọ àti iyanrìn sì ń mú un. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru, onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Iná, oòrùn àti klórínì ló ń pa á. Lẹ́yìn náà ni ohun tó ti yọ́ pátápátá mọ́ omi: irin, nítíréètì, fulóráìdì. Nínú àwọn yẹn, irin nìkan lẹ lè fi owó kékeré yọ láìsí wàhálà. Nítíréètì àti fulóráìdì, bí ẹ bá ń se omi náà títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ ń fi kún un ni, torí omi ló ń gbẹ, àwọn kì í bá a lọ.

Torí náà, ẹ má fi Javel bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kan omi kí irin lè jáde, kí omi náà tòrò, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ tó wá pa kòkòrò. Ẹni tó bá da klórínì sínú omi tó ṣì pọ́n ti fi oògùn ṣòfò: irin àti ìdọ̀tí á ti jẹ ẹ́ tán kó tó kan kòkòrò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń sọ pé "Javel ò ṣiṣẹ́ fún wa."

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́:

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Lórí òórùn irin yẹn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá irin ni lóòótọ́: ẹ bu omi kànga náà sínú ife tíì tí kò ní mílíìkì. Tí tíì náà bá ṣú dúdú lójú ẹsẹ̀, irin pọ̀ níbẹ̀. Nísàlẹ̀ kànga, irin yẹn kò ní àwọ̀, torí atẹ́gùn ò pọ̀ níbẹ̀. Tó bá ti jáde tí atẹ́gùn kàn án ló ń di ìpẹtà. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń mọ́ láàárọ̀ tó ń pọ́n lálẹ́.

Ẹ wá garawa méjì, kí ẹ máa da omi láti inú ọ̀kan sínú èkejì láti òkè, kó já bọ́ tó ìwọ̀n gígùn apá, nígbà 15 sí 20. Ẹni tí ìyẹn bá ń rẹ̀ lè fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí garawa ike kan, kó gbé e kọ́ sókè, kí omi máa gba ibẹ̀ rọ̀ sínú èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ bò ó, ẹ fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ẹ máa rí ìpẹtà pupa tó jókòó sísàlẹ̀. Ẹ rọra bu ti òkè láì mì ín, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ká sí ìṣẹ́po mẹ́rin sẹ́ ẹ.

Ohun tí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni kí èèyàn fa omi tán, kó rọ ọ́ sínú bídọ́ọ̀ (kẹ́ẹ̀gì) títí dé ọrùn, kó dé e pinpin. Atẹ́gùn ò ráyè wọlé, irin ò sì ní jáde títí ẹ fi máa mu ún.

Ìyá Eléwé, Kétu:

Ẹ má gbàgbé mọ̀ríńgà o. Ó pọ̀ lẹ́yìnkùlé wa, a ò sì ń lò ó fún omi. Kóró tó gbẹ lórí igi ni kẹ́ ẹ ká, kì í ṣe èyí tó ṣì tutù. Ẹ bó èèpo dúdú rẹ̀ kúrò, funfun inú rẹ̀ lẹ fẹ́. Èyí tó bá ti bu, ẹ kó o dànù. Ẹ gún un kó kúná lúbúlúbú.

Fún bídọ́ọ̀ 20 lítà: tí omi bá kàn ṣú díẹ̀, kóró 5 tó, tó bá ṣú gan-an bíi ti ìgbà òjò, kóró 20, ẹrẹ̀ paraku, kóró 40. Ẹ da ìyẹ̀fun náà sínú ìgò tí omi mímọ́ díẹ̀ wà, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú garawa. Ẹ ro omi náà kíákíá fún ìṣẹ́jú 2, kẹ́ ẹ wá máa rò ó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ríro wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn làwọn èèyàn ń fò, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ dì mọ́ra wọn. Ẹ bò ó fún wákàtí kan sí méjì, kẹ́ ẹ bu ti òkè. Ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ lò ó tán, torí ohun tó kù lára kóró nínú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ó ń dín kòkòrò kù, kì í pa wọ́n tán, ẹ ṣì máa fi klórínì tàbí iná tẹ̀ lé e.

Ará Kaboua:

Ẹ ṣé, Màmá. Álọ́ọ̀mù ńkọ́? Wọ́n máa ń mú odindi rẹ̀ yí nínú omi.

Alámù Àjàṣẹ́:

Yíyí yẹn ni kò dáa, torí ẹnikẹ́ni ò mọ iye tó yọ́. Tó bá pọ̀ jù, omi á kan, kò sì ní tòrò dáadáa. Ẹ gún un, ẹ yọ́ ṣíbí tíì pẹrẹsẹ kan, nǹkan bíi gíráàmù 5, sínú omi lítà 1. Nínú rẹ̀, ẹ mú mílílítà 200 fún bídọ́ọ̀ 20 lítà. Ìyẹn fún yín ní gíráàmù 1. Ẹ rò ó bí Màmá ṣe sọ. Tó bá di wákàtí kan tí kò tíì tòrò, ẹ fi mílílítà 100 kún un, ẹ má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Abúlé:

Ẹ jẹ́ ká wá wọn klórínì, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣejù àti àìtó.

Ẹ ka ara ìgò Javel kẹ́ ẹ tó rà á. Èyí tó ní òórùn òdòdó tàbí ọṣẹ, ti aṣọ àti ilé ìyàgbẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ti omi mímu. Lórí òmíràn wọ́n ń kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, lórí òmíràn wọ́n ń kọ "° chl", ìwọ̀n agbára klórínì inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 9° sí sún mọ́ 2.6%. Fún 20 lítà omi tó ti tòrò, 2.6% gba mílílítà 1.5, tó bá jẹ́ 5%, mílílítà 0.8. Tí omi bá ṣì ní àwọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Síríńjì tuntun láti ilé oògùn, láì ní abẹ́rẹ́, ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ìdérí ìgò ò ṣeé fi wọ̀n: ẹyọ ìdérí kan lè gbà tó mílílítà 5, ìyẹn sì ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Òun ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ máa tu omi dànù, tí ilé á sì pa dà sórí omi tí wọn ò tọ́jú.

Ẹ rò ó, ẹ dé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ òórùn klórínì fẹ́rẹ́. Tí ẹ ò bá gbọ́ ọ rárá, ẹ tún fi ìwọ̀n kan náà sí i lẹ́ẹ̀kan. Tó bá tún di ìṣẹ́jú 30 tí kò sí òórùn, omi náà ṣì dọ̀tí, ẹ pa dà sídìí títòrò àti sísẹ́. Tó bá sì mú jù, ẹ dà á láti garawa kan sí èkejì, kó sinmi di àárọ̀.

Àwọn tó ń ra Aquatabs, ìyẹn klórínì oníhóró, èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 67 ni ti 20 lítà: ẹyọ 1 fún omi tó tòrò, 2 fún èyí tó ṣì ṣú díẹ̀. Ẹ má fọ́ ẹyọ kan sí méjì pé ẹ fẹ́ ṣọ́wó ná.

Javel tí wọ́n tò sójú oòrùn lọ́jà ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ béèrè èyí tó wà nínú ìbòòji, tí déètì rẹ̀ ò tíì pẹ́, nínú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ ò lè gbà kọjá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da Javel pọ̀ mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan tàbí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn.

Ọmọ Ìlú, Àjàṣẹ́:

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa sọ ti nítíréètì. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, omi ò jìn sílẹ̀, iyanrìn ni ilẹ̀ wa, kànga àti ṣáláńgá sì wà nínú ọgbà kan náà.

Nọ́ọ̀sì Abúlé:

Ìyẹn ló ń já mi láyà ju ẹrẹ̀ lọ, torí ojú kì í rí i, omi á mọ́ lóló. Inú ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ajílẹ̀ ló ti ń wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní lè gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ: ètè àti èékánná á máa dà bí àwọ̀ aró. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Javel ò yọ ọ́, iyanrìn ò yọ ọ́, sísè ń mú un le sí i ni. Ọmú ni kẹ́ ẹ fún ọmọ náà; bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi omi SONEB (omi ẹ̀rọ ìjọba) tàbí omi òjò tẹ́ ẹ ti sè po mílíìkì rẹ̀. Àwọn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń tì bọ omi, àwọ̀ wọn ló máa ń fi ìwọ̀n nítíréètì hàn. Ẹgbẹ́ àdúgbò lè dáwó ra páálí kan.

Bíríkìlà Asẹ́:

Ará Kaboua, ọ̀rọ̀ iyanrìn inú dúrọ́ọ̀mù kàn mí. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an tí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa. David Manz ló ṣètò rẹ̀ fún lílò nínú ilé ní Yunifásítì Calgary, ní Kánádà, ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 1993. Ṣùgbọ́n èyí tí mo sábà máa ń rí lábúlé kì í ṣe asẹ́, àpótí iyanrìn lásán ni.

Ẹ má lo dúrọ́ọ̀mù 200 lítà. Ó fẹ̀ jù. Ẹ wá ike tàbí kí ẹ da kọnkéré tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90, tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 30. Ọ̀nà àbájáde omi máa bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pátápátá, á gba ẹ̀gbẹ́ gòkè, rọ́bà tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 6. Ẹnu rẹ̀ lókè ló ń pinnu gbogbo nǹkan: ó gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju ojú iyanrìn lọ, kí omi sẹ̀ǹtímítà 5 lè máa wà lórí iyanrìn nígbà gbogbo, kódà tí ẹnikẹ́ni ò bá bu omi sí i. Lábẹ́ omi tín-ín-rín yẹn ni àwọn ohun abẹ̀mí tó ń jẹ kòkòrò àrùn ń gbé. Tí iyanrìn bá gbẹ, wọ́n kú. Tí omi orí rẹ̀ bá jìn jù, atẹ́gùn ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Torí náà, ẹ má fi ẹnu ẹ̀rọ sí àbájáde. Ẹni tó bá ti ẹ̀rọ, omi á kún sókè, wọ́n á sì kú.

Iyanrìn ńkọ́? Ẹ má kó ti odò tí ẹran ń mu, ẹ má sì kó ti etíkun, iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Òkúta àpáta tí wọ́n fọ́ ló dáa jù, òkúta ò sì wọ́n ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ fi ajọ̀ mẹ́ta jọ̀ ọ́: mílímítà 12, mílímítà 6, àti mílímítà 0.7. Èyí tó bá dúró láàárín 12 àti 6 ni ti ìdí, sẹ̀ǹtímítà 5. Èyí tó wà láàárín 6 àti 0.7 ló tẹ̀ lé e, sẹ̀ǹtímítà 5. Èyí tó kọjá nínú ajọ̀ 0.7 ni iyanrìn asẹ́ gan-an, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 55. Ẹ fọ òkúta wẹ́wẹ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Iyanrìn yàtọ̀: ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́ jù. Ẹ fi díẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú omi mímọ́, ẹ mì ín, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ kà dé mẹ́rin. Tí ẹ bá ń rí ojú iyanrìn fírífírí gba inú omi náà, ó tó. Tí ẹ ò bá rí i rárá, ẹ tún fọ̀ ọ́. Tó bá mọ́ kedere, ẹ ti fọ èyí tó kúná jù lọ dànù.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù sínú asẹ́ kẹ́ ẹ tó da iyanrìn sí i, kí atẹ́gùn má bàa há sáàárín. Lókè, ẹ gbé àwo tí ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí, kí omi máa rọra rọ̀ sórí iyanrìn, kó má gbẹ́ kòtò.

Ẹ bu omi kún un, ẹ fi aago wo bó ṣe ń jáde: lítà 1 kò gbọ́dọ̀ yá ju ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ lọ. Tó bá yára ju bẹ́ẹ̀, iyanrìn yín rí gàdàgbà jù, ẹ wá èyí tó kúná sí i. Lójoojúmọ́, ẹ máa da nǹkan bíi lítà 12 sí i lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí kan kẹ́ ẹ tó tún da òmíràn. Ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí 48 lọ láì bu omi sí i. Ó lè gbà tó ọjọ́ 30 kí àwọn ohun abẹ̀mí náà tó pọ̀ tó, torí náà ẹ máa fi klórínì sí omi tó jáde. Lẹ́yìn oṣù yẹn náà, mi ò ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, torí àwọn fáírọ́ọ̀sì kéré ju èyí tí iyanrìn lè mú tán lọ. Inú ohun èlò tí ẹ fi ń gba omi ni klórínì ń lọ o! Ẹni tó bá dà á sórí iyanrìn ti pa asẹ́ rẹ̀.

Tó bá ń rọ̀ lọ́ra jù, ẹ má kó iyanrìn jáde. Ẹ yọ àwo oníhò, ẹ bu lítà 4 sí i, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí omi náà ká lójú iyanrìn, kí ìka má wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Omi á dọ̀tí. Ẹ fi kọ́ọ̀bù bù ú dànù. Ẹ tún un ṣe títí yóò fi ṣàn bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ tẹ́ ojú iyanrìn pẹrẹsẹ. Fún kànga onírin bíi tiyín, ẹ kọ́kọ́ ṣe ti garawa méjì yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpẹtà á máa dí i ṣáá.

Ọmọ Kétu:

Fún ẹni tí kò lówó ajọ̀ àti ike, oòrùn wà. Ìgò ike tó mọ́ gaara, tí kò ní àwọ̀, tí kò ju lítà 2 lọ, irú èyí tí wọ́n fi ń ta omi mímu. Ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá nọ́ńbà 1 wà nínú àmì onígun mẹ́ta. Ẹ fa bébà rẹ̀ ya. Ẹ rọ omi tó ti tòrò sí i dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ mì ín, ẹ wá rọ ọ́ kún. Ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù láti òwúrọ̀, wákàtí 6 nínú oòrùn. Tí ìkùukùu bá bo ju ìdajì ojú ọ̀run lọ, ọjọ́ 2. Lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ wá ọ̀nà mìíràn. Láti mọ̀ bóyá omi tòrò tó, ẹ gbé ìgò náà dúró sórí ìwé ìròyìn, ẹ wò ó láti ẹnu ìgò. Tí ẹ ò bá lè ka àkọlé ńlá rẹ̀, omi náà ṣú jù.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́:

Ó ku fulóráìdì, torí orí ilẹ̀ àpáta la wà ní ẹkùn Collines tiwa, inú irú àpáta yẹn ló sì ti ń yọ́ wọ omi. Omi pọ́ǹpù tó jìn lè ní in ju kànga lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò rẹ̀ kéré. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ni mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan. Tó bá pọ̀, eyín àwọn ọmọ tó ń dàgbà á ní àbàwọ́n funfun àti pupa rúsúrúsú tí pákò kì í yọ. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́, egungun á máa dunni. Ojú tàbí ahọ́n ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò.

Àdàlù pẹ̀lú omi òjò ló rọrùn jù. Omi tó ní 3, tí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ omi òjò lọ́gbọọgba, á di 1.5. Omi mímu àti ti ọbẹ̀ nìkan ló nílò èyí, kì í ṣe ti aṣọ. Àwọn ará Kétu mọ ìkójọ omi òjò dáadáa, torí omi jìn nílẹ̀ tiwọn. Ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó fọ páànù lọ: mílímítà òjò 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ lítà 1, torí náà páànù tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 20, ẹ da lítà 20 àkọ́kọ́ nù, 40 tí eruku bá pọ̀. Èédú egungun màlúù tí wọ́n sun láìjẹ́ kí atẹ́gùn wọlé ń yọ fulóráìdì lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní 400 sí 500 lórí ìwọ̀n Celsius. Iná tí kò tó, omi á máa rùn. Iná tó pọ̀ jù, agbára rẹ̀ á lọ. Mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni dán an wò lẹ́yìn ilé.

Ará Kaboua:

Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. A máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú garawa méjì àti Javel, iyanrìn á tẹ̀ lé e. Kànga náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé a lè da oògùn sínú rẹ̀?

Alámù Àjàṣẹ́:

Ẹ tún ẹnu rẹ̀ ṣe ná, torí tí àgbàrá bá ṣì ń wọ̀ ọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti pa dà sípò. Ẹ gbé ògiri rẹ̀ sókè tó sẹ̀ǹtímítà 80, ẹ ṣe ìdérí, ẹ tẹ́ sìmẹ́ńtì yí i ká tó mítà 1 sí 1.5, kó dà sí ìta, pẹ̀lú gọ́tà tó ń gbé omi lọ jìnnà. Okùn kan, garawa kan, kí wọ́n máa gbé e kọ́, kó má kan ilẹ̀. Garawa tí wọ́n gbé sórí ẹrẹ̀ tí ewúrẹ́ tẹ̀, inú kànga ló ń pa dà sí. Ṣáláńgá kó jìnnà ní mítà 30 ó kéré tán, kó wà nísàlẹ̀ ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ sì fi mítà 2 ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Níbi tí iyanrìn pọ̀ bíi tiwa, ẹ jẹ́ kó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni klórínì oníyẹ̀fun, HTH 65 sí 70%. Ẹ wọn jíjìn omi nínú kànga. Kànga tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 3, gba nǹkan bíi lítà 2,400. Fún lítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, gíráàmù 80, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 190 fún gbogbo rẹ̀. Ẹ pò ó sínú garawa omi kan níta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ da omi rẹ̀ sínú kànga yí ká ògiri, ẹ fi garawa rò ó. Ẹ fi wákàtí 24 sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fa gbogbo rẹ̀ dànù títí òórùn rẹ̀ á fi kéré. Ẹ má dà á sí ọgbà ẹ̀fọ́ tàbí ibi tí ẹja wà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga nígbà tí klórínì wà níbẹ̀, ẹ má sì gbé ẹ̀rọ elépo wọ inú kànga láti fi fa omi. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn nísàlẹ̀ kí ẹni tó wà lókè tó mọ̀. Òkè ni kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí, jìnnà sí ẹnu kànga, kí rọ́bà nìkan wọlé.